Kí ló dé tí ìjókòó rélùwéè tó rọ̀ fi ń mú ẹ̀yìn ro?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Òṣogbo níbí, ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ni mo sì ń lọ sí Èkó. Láti ọdún tó kọjá, mọ́tò kì í gbé mi kọjá Ìbàdàn mọ́. Rélùwéè tuntun ni mo máa ń wọ̀ láti Mọ́níyà dé Èbúté Mẹ́ta, ibi tí owó rẹ̀ kéré jù ni mo sì ń jókòó sí. Fóòmù wà lórí àga wọn, ó rọ̀, ṣùgbọ́n tí mo bá fi máa sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀yìn mi á ti le bí igi, ẹsẹ̀ mi á ti kú. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ la máa ń wọ̀ láti Ìddó wá sí Òṣogbo. Odidi ọjọ́ kan la fi ń rìn ín, mo sì máa ń sùn fọnfọn ni. Ṣé àga ayé àtijọ́ ló dáa jù ni, àbí èmi ni mo ti ń darúgbó? Mo tún fẹ́ mú ìyá mi lọ sí Èkó lóṣù tó ń bọ̀, orúnkún ọ̀tún ń dùn wọ́n. Ibo ni kí n fi wọ́n jókòó sí?" Ìyá Ìbejì, Òṣogbo.

Ìdáhùn:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọjà, ẹ kú wàhálà ọ̀nà. Ìbéèrè yín dùn mọ́ mi nínú, torí pé gbogbo ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀ àga ló ń béèrè bóyá ó rọ̀. Ẹ̀yin lẹ sọ pé ó rọ̀, ó sì tún dùn yín. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni mo ti ń ṣe ìjókòó ọkọ̀. Inú kóòṣì rélùwéè ni mo ti kọ́ṣẹ́, níbi tí a ti ń tú àga àtijọ́ palẹ̀ tí a sì ń tún un wé, kí n tó wá ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi sí Òkè-Fíà níbí. Ohun tí gbogbo ọdún wọ̀nyẹn fi yé mi kò pọ̀: ara kì í béèrè rírọ̀ tó bó ṣe ń béèrè àyè láti yí padà. Àga tó bá jẹ́ kí ẹ lè sún ìdí, kí ẹ na ẹsẹ̀ kan, kí ẹ ká èkejì, kí ẹ fara ti ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀, ẹ lè wà lórí ẹ̀ láti àárọ̀ dé ọ̀sán. Èyí tó bá dè yín mọ́ ojú kan, bí wọ́n fi ẹ̀gbọ̀n òwú ṣe é, kí wákàtí kan tó pé ẹ ó ti máa wo aago.

Ẹ wo àwọn ìyá tó ń dín àkàrà ní Ìgbọ̀nà. Àpótí igi lásán ni wọ́n jókòó lé. Kò ní fóòmù, kò ní ẹ̀yìn, kò sì ga ju ìgbọ̀nwọ́ lọ. Ìdájí ni wọ́n ti wà níbẹ̀. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni ń retí ọ̀kadà, kí ẹ máa wò wọ́n. Ẹ ó rí i pé wọ́n á tẹ̀ síwájú láti yí àkàrà nínú epo, wọ́n á yí sápá òsì láti mú bébà, ẹsẹ̀ ọ̀tún á nà jáde lábẹ́ ìró, wọ́n á dìde fi ṣéńjì lé oníbàárà lọ́wọ́, wọ́n á tún jókòó, ìdí á sì ti bọ́ sí ibòmíràn lórí àpótí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ti ìyá kan láàárọ̀ Sátidé kan. Nígbà tó fi máa di pé wọ́n dín àwo kan tán, mo ti ka mẹ́tàlélógún, mo sì mọ̀ pé mo fo àwọn kan. Kò sí ẹni tó kọ́ wọn. Ara ló ń bá ara rẹ̀ wá ọ̀nà.

Ẹ wá fi ìyẹn wé ibi tí ẹ̀yin ń jókòó sí. Èèyàn mẹ́ta níhìn-ín, méjì lọ́hùn-ún, àwọn kan dojú kọ yín, orúnkún fẹ́ẹ̀ kan orúnkún, ìdì àdìrẹ yín sì wà láàárín ẹsẹ̀ yín, tí mi ò bá ṣì í. Ibo lẹ fẹ́ yí sí?

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara fúnra rẹ̀. Eegun méjì kan wà lábẹ́ ìdí, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ẹ ki àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sábẹ́ ìdí lórí àga igi, ẹ ó bá wọn pàdé. Orí wọn ni púpọ̀ nínú ìwúwo wa ń sinmi lé tí a bá jókòó. Àga tó dáa máa ń fún eegun méjèèjì níbi ìdúró, á wá pín ìyókù ẹrù fún itan àti ẹ̀yìn. Fóòmù tó rọ̀ jù kì í rí ìyẹn ṣe. Eegun á rì títí á fi kan pátákó ìsàlẹ̀, fóòmù ẹ̀gbẹ́ á ru sókè, á gbá itan mú lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ẹ ti rì nìyẹn, ibẹ̀ ń gbóná, ẹ ò sì lè sún.

Ti ẹsẹ̀ tó ń kú yẹn, etí àga ni ẹ máa fura sí. Bí àga bá ga ju ẹsẹ̀ èèyàn lọ, tàbí tó jìn jù, etí rẹ̀ á máa tẹ abẹ́ itan lẹ́yìn orúnkún, níbi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ara ń gbà kọjá. Ìdánwò rẹ̀ kò le. Ẹ fi ẹ̀yìn ti ẹ̀yìn àga dáadáa, kí ẹ wá ki ìka mẹ́ta bọ àárín etí àga àti ẹ̀yìn orúnkún yín. Tí ìka bá wọlé pẹ̀lú ìrọ̀rùn, àga náà bá yín mu. Tí kò bá wọlé, ó jìn jù fún yín. Èèyàn kúkúrú tó bá bá irú àga bẹ́ẹ̀ pàdé kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ńṣe ló máa sún síwájú kí ẹsẹ̀ lè kanlẹ̀. Ẹsẹ̀ ti bọ́, ó wá ku ẹ̀yìn: kò fara ti nǹkan kan mọ́, ó sì ti tẹ̀ bí ọrun ọdẹ. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé ohun tó ń ṣe yín nìyẹn.

Ẹ̀yìn wa ní kòtò kékeré kan ní ìsàlẹ̀, ibi tí ẹ ń so ìró mọ́ gan-an. Tí a bá dúró, kòtò náà wà níbẹ̀. Tí a bá jókòó láìfẹ̀yìn ti nǹkan, ó ń parẹ́, àwọn ohun rírọ̀ tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn á sì máa ru ẹrù ju ti ìgbà tí a dúró lọ. Nítorí náà, ibi ìsoró yẹn ló yẹ kí ẹ̀yìn àga ti yọ síta díẹ̀ láti pàdé ara. Ó sì yẹ kí ó dà sẹ́yìn díẹ̀, kì í ṣe bí àga ìrọ̀gbọ̀kú o, ṣùgbọ́n kó ju ìdúró ṣánṣán lọ. Láàárín dígírì 100 sí 110 ni ẹ̀yìn ti máa ń sinmi. Àga oníye owó kékeré sábà máa ń dúró bí ògiri, torí pé gbogbo ẹ̀yìn àga tó bá dà ló ń jẹ nínú àyè ẹni tó wà lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan fún yín. Èmi náà ti fi fóòmù rírọ̀ ba ọkọ̀ jẹ́ rí. Ṣọ́ọ̀bù mi ò tíì pẹ́ tí mo ṣí i nígbà tí ọkùnrin kan gbé bọ́ọ̀sì wá, Ìbàdàn ló ń ná. Ó ní kí n sọ inú rẹ̀ di pálọ̀. Mo ra fóòmù tó nípọn, tó rọ̀ bí búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò, mo fi lé gbogbo ìjókòó. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn èrò ń yìn ín. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó padà wá pẹ̀lú ìbínú: àwọn èrò ní àga ń ju àwọn, obìnrin kan ti bì sínú ọkọ̀, ẹ̀yìn dírẹ́bà fúnra rẹ̀ ń ro ó. Mo rò pé owó ló fẹ́ gbà padà. Mo bá a wọ ọkọ̀ lọ. Ká tó dé Ìwó, ojú ti tì mí. Kòtò kékeré tó yẹ kó kàn mí gbìn-ín lẹ́ẹ̀kan, ńṣe ló ń gbé mi lọ sókè sódò lẹ́ẹ̀mẹta kó tó fi mí sílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni mo bá a tún gbogbo rẹ̀ ṣe.

Ìgbà tí mo kàwé sí i ló tó yé mi. Ara èèyàn tó jókòó ní irú gbígbọ̀n kan tó kórìíra ju gbogbo ìyókù lọ. Wọ́n ti wọ̀n ọ́n, ó wà nínú ìlànà àgbáyé tí wọ́n ń pè ní ISO 2631: gbígbọ̀n sókè-sódò tó bá ń wáyé ní nǹkan bí ìgbà 4 sí 8 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ti ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, èyí tó lọ́ra ló ń dà wá láàmú, ìgbà kan sí méjì. Fóòmù tó nípọn tó sì rọ̀, tí èèyàn bá wà lórí ẹ̀, nǹkan bí ìgbà 4 lòun náà máa ń jó láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ rí i pé bátànì méjèèjì bára mu. Tí ilẹ̀ bá gbé irú gbígbọ̀n bẹ́ẹ̀ wá, fóòmù náà kò ní pa á, ńṣe ló máa sọ ọ́ di ńlá, bí ìgbà tí ẹnì kan ń ti ọmọ lórí jangirọ́fà, tó sì ń bọ́ sí àsìkò gẹ́lẹ́.

Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọṣẹ́ rélùwéè fi máa ń gbé iṣẹ́ ìrọ̀rùn sí abẹ́ ọkọ̀, kì í ṣe sórí àga. Kẹ̀kẹ́ rélùwéè wà nínú férémù irin kan tí a ń pè ní bógì, kóòṣì kọ̀ọ̀kan sì sábà máa ń ní méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Síríńgì irin tàbí rọ́bà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ kóòṣì ìgbàlódé, àpò rọ́bà tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀ ló wá wà láàárín bógì àti ilẹ̀ tí àga dúró lé. Bí àwọn wọ̀nyí bá ń ṣiṣẹ́ wọn, fóòmù tó le díẹ̀, tí kò nípọn, ti tó. Tí ẹ bá fẹ́ fojú ara yín rí i, ẹ gbé ìgò omi tí ẹ ti mu ìdajì rẹ̀ sórí tábìlì kékeré iwájú yín. Ẹ wò ó ní ìjókòó tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, níbi tí bógì wà lábẹ́ yín, kí ẹ tún wò ó ní àárín kóòṣì. Omi àárín á fara balẹ̀ ju ti ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà lọ. Owó tíkẹ́ẹ̀tì kan náà lẹ san.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ àyè, òun ló sì ń dùn mí jù.

Irú kóòṣì tí Ṣáínà máa ń ṣe fún ìrìnàjò lásán, èyí tí wọ́n ń pè ní 25, fẹ̀ tó mítà 3.1 láti ìta dé ìta. Ẹ yọ ògiri kúrò, ẹ yọ ọ̀nà àárín kúrò, kí ẹ wá pín ìyókù sí márùn-ún. Ohun tó kù fún ìdí kan kò pọ̀. Àwọn ará Jàpáàn náà ń kó èèyàn márùn-ún sí ìlà kan nínú Shinkansen wọn, ọkọ̀ eléré sísá tó bẹ̀rẹ̀ láàárín Tokyo àti Osaka ní ọjọ́ 1 oṣù October ọdún 1964. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tiwọn fẹ̀ tó mítà 3.38. Ìyàtọ̀ sẹ́ńtímítà 28 yẹn, bí ẹ bá pín in fún èèyàn márùn-ún, ó ju sẹ́ńtímítà márùn-ún lọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìka mẹ́ta nìyẹn. Ẹni tó bá ti jókòó sáàárín ọkùnrin méjì aláyà gbàgàdà mọ ohun tí ìka mẹ́ta lè ṣe.

Ohun kan wà tí wọ́n ṣe nínú ọkọ̀ wọn tó ń jẹ́ N700 tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi. Nínú ìjókòó mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ti ojú fèrèsé fẹ̀ ní sẹ́ńtímítà 44, ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà fẹ̀ ní 44, ti àárín fẹ̀ ní 46. Ẹni àárín kò ní fèrèsé láti fara tì, kò ní ọ̀nà láti na ẹsẹ̀ sí, wọ́n wá fi sẹ́ńtímítà méjì bẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ronú ìyẹn ti jókòó sáàárín rí.

Wọn ò sì bẹ̀rẹ̀ báyìí. Nínú ọkọ̀ wọn àkọ́kọ́, láti ẹ̀yìn àga kan dé ẹ̀yìn àga tó tẹ̀ lé e jẹ́ sẹ́ńtímítà 94. Nígbà tó yá wọ́n fẹ́ kí gbogbo àga máa yí, kí gbogbo èrò lè dojú kọ ibi tí ọkọ̀ ń lọ nígbàkigbà. Àga méjì-méjì lè yí, ṣùgbọ́n ti mẹ́ta-mẹ́ta gùn jù, ó ń fi etí gbá àga ẹ̀yìn. Ìgbà tí wọ́n gbé ọkọ̀ tuntun jáde ní 1985 tí wọ́n sì fẹ àyè náà dé sẹ́ńtímítà 104 ni ti mẹ́ta tó ríbi yí. Títí dòní, tí ọkọ̀ bá dé ìparí ìrìn ní Tokyo, àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó ní ìṣẹ́jú méje láti gbá inú kóòṣì, kí wọ́n sì yí àga gbogbo padà. Sẹ́ńtímítà mẹ́wàá tó jẹ́ kí àga rí àyè yí náà ló fún orúnkún èrò láyè. Mi ò tíì rí ibi tí àyè ti ṣe iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan báyìí.

Ṣé mò ń sọ pé kí wọ́n ṣe ti Jàpáàn fún wa ni? Rárá. Bí èèyàn bá dín kù nínú kóòṣì, owó tíkẹ́ẹ̀tì á gòkè, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ná Èkó lẹ́ẹ̀mejì lóṣù lẹ máa san án. Ṣùgbọ́n ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ara tí wọ́n wọ̀n kí wọ́n tó gé àga kì í sábà jẹ́ ara wa, aṣọ tí wọ́n rò pé a máa wọ̀ kì í sì í ṣe aṣọ wa. Ẹ wo ibi ìgbórílé. Wọ́n gbé e síwájú díẹ̀ kí orí lè sinmi. Kí obìnrin wá gbé gèlè rẹ̀ dé ibẹ̀: gèlè á kan ibi ìgbórílé kí orí tó dé e, orí á tẹ̀ síwájú, ọrùn á máa ro láti Mọ́níyà dé Abẹ́òkúta. Ẹ wo apá àga tó ń há agbádá mọ́lẹ̀, tí bàbá bá fẹ́ dìde á gbọ́ fàà. Ẹ wo ìyá ọlọ́mọ tó tú ọmọ sílẹ̀ lẹ́yìn wá sórí itan, tí apá tó fi gbé ọmọ ò ríbi sinmi lé. Mi ò rò pé èyíkéyìí nínú wọn nílò owó ńlá láti tún ṣe. Ó kàn ń fẹ́ ẹni tó máa mú téèpù dání wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ ọdún ni.

Ẹ má sì rò pé àwọn òyìnbó ti bọ́ nínú ẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ Class 700 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní London ní 2016, àwọn èrò sọ àga rẹ̀ ní pátákó ìlọṣọ. Ó tín-ín-rín, ó le, ẹ̀yìn rẹ̀ dúró ṣánṣán. Wọ́n bínú gan-an, wọn ò sì jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù iná wà lára ohun tó ń mú kí àga rélùwéè le. Ní 1978, iná jó nínú kóòṣì tí èèyàn ń sùn sí lẹ́bàá ìlú Taunton nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àpò aṣọ ibùsùn tó dọ̀tí ni wọ́n kó ti ẹ̀rọ tó ń mú inú ọkọ̀ móoru. Èèyàn 12 ló kú, èéfín ló sì pa wọ́n. Lóde òní, ìlànà tí Yúróòpù ń lò láti 2013, EN 45545, ní kí wọ́n dán ìjókòó wò pẹ̀lú iná kí wọ́n wo bó ṣe ń jó, bí èéfín rẹ̀ ṣe pọ̀ tó àti bó ṣe ní májèlé tó. Ó ṣòro fún fóòmù tó nípọn láti yege.

Mo dán ti ọjà wa náà wò lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi. Mo gé fóòmù bẹ́ẹ̀dì kékeré kan, kò ju ẹyọ súgà lọ, mo ṣá iná sí i. Ó kọ́kọ́ súnkì bí ẹni ìtìjú bá, lẹ́yìn náà ó gbiná lójijì, ó ń kán tótó bí òróró, èéfín dúdú sì lé mi kúrò níbẹ̀ tòun ti ikọ́. Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá ní kí n wá fi fóòmù bẹ́ẹ̀dì tún àga rélùwéè ṣe, ojú ọ̀nà ni mo máa nà sí i.

Ó ku ti ọkọ̀ àtijọ́ tẹ́ ẹ sùn nínú rẹ̀. Ojú irin tí ìjọba àmúnisìn là kọjá Òṣogbo ká tó dé Kano, mìlímítà 1,067 ló wà láàárín irin rẹ̀ méjèèjì. Ti Èkó sí Ìbàdàn tuntun tí wọ́n ṣí ní oṣù June 2021 jẹ́ mìlímítà 1,435. Títì tuntun fẹ̀, ó sì dúró dáadáa ju ti àtijọ́. Irin àtijọ́ náà, ègé-ègé ni wọ́n tò ó, wọ́n fi bóòtù dè é, ojú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ń dún kàtàkàtà lábẹ́ kẹ̀kẹ́. Ti tuntun, wọ́n jó o pọ̀ ni, ìró yẹn ò sí mọ́. Bí ọkọ̀ bá ń lọ jẹ́jẹ́, kàtàkàtà tó ń dún ní àsìkò kan náà máa ń dà bí ẹni ń fọwọ́ gbá ọmọ lẹ́yìn pẹ́pẹ́. Ìyẹn ń ṣiṣẹ́ díẹ̀. Bẹ́ńṣì ìgbà yẹn kò sì ní apá, ẹ lè ká ẹsẹ̀ sókè. Ẹ bi àwọn tó ti wọ ọkọ̀ ọ̀fẹ́ ọdún Iléyá láti Èkó wá sí stéṣàn wa níbí, àwọn tí kò rí àga tí wọ́n jókòó lé báàgì wọn lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, bóyá ẹ̀yìn ro wọ́n ju àwọn tó rí àga lọ.

Ṣùgbọ́n ká má parọ́ fúnra wa, Ìyá Ìbejì. Ọmọdé ni yín. Ìdajì ìjókòó lẹ gbà, ìyókù ara yín wà lórí ẹlòmíì. Àga kọ́ ló gbé yín sùn nígbà yẹn, itan ìyá yín ni.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ ìyá náà. Bí owó bá wà, ẹ ra ibi tí ìjókòó ti jẹ́ méjì níhìn-ín, méjì lọ́hùn-ún fún wọn. Bí kò bá sí, ibi tẹ́ ẹ máa ń jókòó sí náà ṣeé ṣe. Orúnkún ọ̀tún lẹ sọ pé ó ń dùn wọ́n, torí náà ẹ wá ìjókòó tí ọ̀nà àárín á bọ́ sápá ọ̀tún wọn, kí wọ́n lè máa na ẹsẹ̀ yẹn síta ní ìgbà díẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀yin ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ máa ṣọ́ ẹni tó ń bọ̀ pẹ̀lú ẹrù. Tí nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì bá gbé wọn sójú fèrèsé, ẹ bẹ ọ̀dọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Mi ò tíì rí ọmọ Yorùbá tó máa wo ìyá àgbà lójú tó máa ní òun ò dìde. Kí ó jẹ́ àárín kóòṣì, kí ó sì jẹ́ àga tó ní apá, torí apá ni wọ́n máa fi ọwọ́ tì dìde, kì í ṣe orúnkún. Bí èébì bá máa ń gbé wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n dojú kọ ibi tí ọkọ̀ ń lọ, kí wọ́n máa wo ọ̀nà jíjìn.

Ẹ ká ìborùn wọn, kó nípọn tó ọwọ́ èèyàn tó dì, kí ẹ fi sí ibi ìsoró lẹ́yìn wọn. Ẹ ó rí i tí èjìká wọn á sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí wọ́n wé ìborí pẹlẹbẹ wọkọ̀, gèlè dúró sínú báàgì títí di Agége. Ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, kí wọ́n dìde, kí ẹ jọ rìn dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kí ẹ sì padà, bí ìgbọ̀nsẹ̀ ò tiẹ̀ gbọn wọ́n. Kí wọ́n má sá fún omi mímu nítorí ìgbọ̀nsẹ̀ náà. Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú tó sì gbóná lẹ́yìn ìrìnàjò, ilé ìwòsàn ni, kì í ṣe àgbo.

Ẹ̀yin náà, ìdì àdìrẹ yẹn ni oògùn yín. Ẹ yọ ọ́ kúrò láàárín ẹsẹ̀. Èyí tó tóbi, ẹ gbé e sórí pẹpẹ ẹrù lókè. Èyí tó kéré tó sì pẹlẹbẹ, ẹ fi lélẹ̀, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ lé e. Orúnkún yín á gòkè díẹ̀, itan á kúrò lórí etí àga, ẹ ó sì lè fa ìdí sẹ́yìn títí ẹ̀yìn á fi kan àga. Ẹ bò ó ní ọ̀rá kí bàtà má bàa ba ọjà jẹ́.

Ní ti mọ́tò láti Òṣogbo dé Mọ́níyà, ẹ má ṣe fi ìyá sí ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá, orí táyà ẹ̀yìn gan-an nìyẹn. Ẹ san owó iwájú fún wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, kí ẹ sì ní kí ó ti àga náà sẹ́yìn kí wọ́n tó wọlé.